Kí Ọ́fíìsì Tẹ̀lé Ilé

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá, àmọ́ kì í ṣe ilé tuntun. Ilé àtijọ́ ni: èyí tí bàbá àwọn bàbá wa kọ́, èyí tí àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti ilẹ̀ Brazil padà wálé. Gbogbo wa la máa ń gba iwájú wọn kọjá, a ó ní, "Ilé yìí mà gbayì nígbà ayé rẹ̀ o," a ó sì bá tiwa lọ. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè di ọ́fíìsì lónìí, tí kò fi ní kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti Èbúté Mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgbà rélùwé níbẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ rántí pé ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó, tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1901 kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Èyí ni pé ilé yìí ti dúró kí ará Ìbàdàn kankan tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Àwọn ọ̀gá rélùwé ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbàràmù, igi pọ̀ lára rẹ̀, fàráńdà fẹ̀, koríko tútù yọ̀yọ̀ níwájú, igi ńláńlá sì ṣíji bò ó. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà jẹ́ òyìnbó kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní rélùwé Nàìjíríà. Òun náà ló kọ ìtàn rélùwé ọ̀hún sínú ìwé alápá mẹ́ta.

Nígbà tí iṣẹ́ rélùwé dojú dé, ilé náà dojú dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ìjọba ṣe máa ń rí bí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ bá ti kó jáde. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ LEGACY, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 nítorí irú ilé báyìí, ló bá àwọn aláṣẹ rélùwé sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin wà lára àwọn tó síwájú iṣẹ́ náà. Ayàwòrán ilé ni, ọdún 1954 sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Gillian Hopwood, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n tún ilé náà ṣe, ó parí ní 2010. Lónìí, àwọn fọ́tò àti ohun èlò rélùwé àtijọ́ ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn sì máa ń wá ya fọ́tò lórí koríko rẹ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson pè, tí wọ́n ṣí ní 2021, kò jìnnà sí i rárá.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ilé yẹn kò díbọ́n. Igi ṣì ń jẹ́ igi. Wọ́n kò lẹ táìsì dídán mọ́ ọn lára, wọ́n kò yọ fèrèsé rẹ̀ láti fi gíláàsì aláwọ̀ dúdú rọ́pò. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ gbà ni wọ́n gbé fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká wo òdìkejì. Ní Ìta Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó, ilé kan wà tẹ́lẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ló kọ́ ọ ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, kátapílà wọlé, ilé náà sì di òkìtì.

Ọgọ́ta ọdún gbáko ni òfin fi wà lórí ilé yẹn. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bú òfin, wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú ìdílé. Tèmi ni pé òfin lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé, àmọ́ òfin kì í ra páànù. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ tó wọ́n tó ilẹ̀ Ìta Tinúbú, tí kò mú owó gidi wọlé, tí àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó, ojoojúmọ́ ni ẹnìkan á máa fi ojú ìṣirò wò ó. Ọjọ́ kan á jọ́kan tí ìṣirò náà á borí. Bí wọ́n bá ti rí ọ́fíìsì tó yẹ gbé sínú rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú, tí owó ilé ń wọlé lóṣooṣù, ó ṣeé ṣe kó ṣì dúró títí dòní. N kò lè búra, àmọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ó dáa. Ká ní ìdílé yín ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Pópó Àgùdà, ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ọ̀ṣogbo, tàbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lọ́hùn-ún níbi tí àwọn Àgùdà náà ti kọ́lé sí. Ilé-iṣẹ́ kan wá, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì. Kí lẹ máa gbà, kí lẹ ò ní gbà?

Ògiri ni mo fẹ́ mẹ́nu bà ṣáájú, torí òun làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Ògiri amọ̀ ló wà lára púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ó nípọn, ó sì ń mí. Ọ̀rinrin máa ń ti inú ilẹ̀ gòkè sínú rẹ̀, á sì gba ojú rẹ̀ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí bíríkìlà bá wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa, ọ̀rinrin yẹn kò rọ́nà jáde mọ́. Ó há síbẹ̀. Amọ̀ á máa rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, torí ojú ògiri ṣì ń dán. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sìmẹ́ńtì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kókó bí ẹ bá fi ìka kàn án, á bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, á sì fa amọ̀ dání wá sílẹ̀. Àwọn èèyàn á wá ní ilé ti gbó, kí wọ́n wó o. Irọ́ ni. Àtúnṣe ló pa á.

Ohun tí àwọn àgbà bíríkìlà lò ni láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ń rí bí wọ́n bá fi iná sun ìkarahun tàbí òkúta ẹfun, tí wọ́n wá pò ó mọ́ iyanrìn. Láìmù rọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, ọ̀rinrin sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ògiri bá mì díẹ̀, ó lè bá a mì. Ọ̀dà olóròóró náà kò yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tí kò gba atẹ́gùn ló wọ̀ fún ilé. Bí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á bá ní dandan ni kí gbogbo ojú ògiri máa dán yanranyanran, ẹ sọ fún wọn pé ilé tí wọ́n ń wá wà ní Lẹ́kí.

Ògiri yìí kan náà kì í ṣe èyí tí ẹ lè wó nítorí pé ọ̀gá fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ilé Àgùdà: pálọ̀ níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló gbé òkè dúró. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ ẹ̀yìn ilé. Lọ́yà, oníṣirò owó, àwọn tó ń tẹ ìwé, ilé-iṣẹ́ kékeré tí ènìyàn méjì-méjì ń jókòó sí yàrá kan, àwọn wọ̀nyí ni ilé náà ti ṣètò fún tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀. Báńkì tó fẹ́ gbọ̀ngàn oníbàárà kò bá a mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ilé yan ayálégbé. Ẹ má kàn gba ẹni tó kọ́kọ́ kó owó sílẹ̀.

Ilẹ̀ òkè ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ewu ńlá ló wà níbẹ̀. Nínú ìṣirò àwọn ẹnjiníà tó ń tẹ̀lé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ yàrá tí èèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ lè gba nǹkan bí kílò 150 lórí mítà kan níbùú-lóròó. Ti ọ́fíìsì ń lọ sí bí 250. Yàrá tí wọ́n ń to ìwé àti fáìlì sí tún wúwo ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹ̀yin tó ti gbé páálí ìwé rí, ẹ mọ̀ pé òkúta ni. Ilẹ̀ onípákó tí bàbá bàbá yín fi ìrókò ṣe lè gba ibùsùn, àpótí aṣọ àti ọmọ mẹ́fà tó ń fò sókè. Àmọ́ ká to fáìlì ogún ọdún sórí rẹ̀, ká gbé séèfù kan sí i, ká gbé bátìrì ínfátà mẹ́jọ tì í, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Kí ẹnjiníà sì wo orí igi tó wọnú ògiri, torí ibẹ̀ ni ikán ti ń jẹun. Láti àárín yàrá, igi náà á máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n tò ó. Ní orí rẹ̀ tó wọnú ògiri, ó lè ti di ìyẹ̀fun.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo rò pé ó rọrùn jù, torí àwọn tó kọ́ ilé ti ṣe é fún wa. Ẹ rántí ibi tí ilé ìdáná wà láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni nílé Àgùdà, bẹ́ẹ̀ ni nílé òyìnbó. Wọn kì í sábà gbé omi wọnú ilé onígi àti alámọ̀. Ẹ tún bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ kọ́ ilé kékeré tuntun sẹ́yìn, ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́ ọ bó ṣe wù yín, ẹ kó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìfọwọ́ àti ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń po tíì síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà tó lórùlé so ó mọ́ ilé àgbà kí òjò má pa wọ́n. Àtẹ̀gùn onírin tó máa jẹ́ ọ̀nà kejì láti òkè náà lè wà lẹ́yìn níbẹ̀. Àtẹ̀gùn onígi kan ṣoṣo kò tó fún ọ́fíìsì. Bí iná bá sọ lábẹ́ rẹ̀, ibo ni àwọn tó wà lókè máa gbà?

Àwọn oníná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn láti máa fi síséèlì gbẹ́ ògiri kí wáyà lè sá pamọ́. Lára ògiri amọ̀, ojú ọgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Wáyà tó wà nínú páìpù, tó ń gba ìsàlẹ̀ ògiri lọ tààrà níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kì í ṣe ìtìjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, wọ́n á kàn tú u ni. Àní, ohun tí mo máa ń bèèrè lórí iṣẹ́ tuntun èyíkéyìí nínú ilé àgbà ni pé: ṣé ó ṣeé tú kúrò láìfi àpá sílẹ̀? Bí kò bá ṣeé tú, kí ẹ tún un rò.

Ti ẹ̀rọ amúlétutù wá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ilé náà ti ní. Àjà rẹ̀ ga. Ihò atẹ́gùn wà lókè ilẹ̀kùn. Fèrèsé onígi kọjú sí fèrèsé onígi kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá, fàráńdà sì ń gba oòrùn mọ́ra kó tó dé ara ògiri. Bí ẹ bá dí ihò wọ̀nyẹn, tí ẹ fi àjà pélébé gé yàrá kúrú, ẹ ti ba ẹ̀rọ amúlétutù àkọ́kọ́ jẹ́ láti fi ra èkejì, iná mànàmáná tí ẹ̀yin náà mọ ìṣe rẹ̀ ló sì máa gbé e. Ẹ jẹ́ kí fáànù ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá ìpàdé àti ibi tí kọ̀ǹpútà ńlá wà, kí páìpù tó ń da omi rẹ̀ nù sì jìnnà sí ara ògiri. Omi kékeré tó ń kán tó-tó-tó láti àárọ̀ dalẹ́ yẹn ti wó ògiri amọ̀ ju òjò lọ. Jẹnẹrétọ̀, orí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ó wà, ní ìpẹ̀kun ọgbà, torí ó ń gbọn ilẹ̀. Sólà, ẹ gbé e sórí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.

Ta ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń tán lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, Àgùdà, ló wà nídìí iṣẹ́ náà, Sanusi Aka, bíríkìlà tó jẹ́ Mùsùlùmí, sì bá a ṣe é. Báyẹn ni ìmọ̀ ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, láìbéèrè ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń kírun. Lónìí, ọmọ iṣẹ́ tó mọ búlọ́ọ̀kù tò pọ̀ bí iyanrìn, àmọ́ ẹ wá ẹni tó lè gbẹ́ igi fèrèsé kan bá èkejì mu. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ san owó tó bá béèrè, kí ẹ sì fi ọmọ méjì tì í.

Mo fẹ́ mú wa dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil díẹ̀, níbi tí àwọn Àgùdà wa ti bọ̀ wá sílé. Ní Salvador, àdúgbò Pelourinho kún fún ilé àtijọ́ irú èyí. Wọ́n fi í sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985. Ní 1988, Lina Bo Bardi tó jẹ́ ayàwòrán ilé sọ ilé kan níbẹ̀ di Casa do Benin, ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ohun tó so Bahia pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Benin. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ àgbọn híhun wé àwọn òpó kọ́ńkéré tuntun tó gbé sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n gidi ni. Àmọ́ nígbà tí ìjọba wá dojú kọ gbogbo àdúgbò náà láti nǹkan bí 1992, wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n kun ún, wọ́n sì fún àwọn aláìní tó ń gbé inú rẹ̀ lówó kékeré pé kí wọ́n máa lọ. Ìran àwọn ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù lára wọn. Ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ọ́fíìsì ló gba ipò wọn. Bẹ́ẹ̀ ilé rí bí ilé tuntun o! Àmọ́ àwọn tó fún àdúgbò náà ní ilù àti orúkọ ti wà ní ẹ̀yìn odi ìlú. Èmi kò ní ka irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sí àṣeyọrí.

Èyí ló mú mi dé ibi tó le jù nílé tiwa, ìyẹn ẹbí. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí kò ní onílé kan. Ọmọ bàbá mẹ́rin, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ-ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ-ọmọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn tí kì í san nǹkan kan. Bàbá tó kọ́ ilé náà gan-an lè wà nínú rẹ̀, ní abẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí àṣà wa ṣe rí. Ẹ ò lè gbé tábìlì akọ̀wé sórí ojú oórì. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì ní òun ò rí i, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ yọ yàrá náà sọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí. Kí ó wà nínú àgírímẹ́ǹtì pé ní ọjọ́ ìrántí àti ní ọjọ́ ọdún ìdílé, ẹbí á wọlé, wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ọ́fíìsì á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí èyí wà nínú ìwé kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀.

Ẹ má fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún kan-ọdún kan. Kò sí ẹni tó máa náwó sórí òrùlé tí wọ́n lè lé e kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ló máa jẹ́ kí ó lè tún ilé ṣe, kí ẹ sì yọ owó tó ná kúrò nínú háyà. Kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ètò ìlú, torí sísọ ilé gbígbé di ọ́fíìsì kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń ṣe. Ní Èkó, LASPPPA ló ń fúnni. Kí ẹ sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ nínú háyà ọdọọdún, sínú àkáǹtì tí ènìyàn mẹ́ta láti ojúlé mẹ́ta ń buwọ́ lù. Gbogbo òjò àkọ́rọ̀ ni páànù kan á ṣí, gbogbo ọdún ni ikán á tún padà wá.

Lórí ìbuwọ́lùwé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Bí olórí ẹbí bá dá gbé ilé ẹbí fún ẹnìkan láìsí àwọn aṣojú ojúlé yòókù, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pariwo. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ ẹbí ló ṣe é láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà ti kun gbogbo ilé tán, tó sì ti gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ sí ìta. Ẹ pe ìpàdé ẹbí ná. Ẹ pe ti Lọ́ńdọ̀nù sórí fóònù.